Mọ́tò Tí A Fi Kílò Tà

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Lálẹ́ yìí a kò ní ka ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a kò sì ní ka ọ̀rọ̀ omi mímu. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá. Kì í ṣe mọ́tò tuntun o. Mọ́tò àtijọ́ ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ẹ rántí irin tó wà lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé Bàbá Àgbà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa fi ẹnu ṣe "fùù, fùù" bí ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Kútọnu. Kò ní táyà mọ́, kò ní gíláàsì, aṣọ orí rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́tipẹ́. Ara rẹ̀ rí pẹrẹsẹ bí àpótí. Páànù tí a ká, tí a fi nọ́ọ̀tì de pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, "mọ́tò àpótí" là ń pè é.

Ní ọdún 2022, ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù dé sí abúlé wa pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ra irin yẹn. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n lọ pe èmi tí mo mọ̀wé wá. Mo dé, mo dúró ti òṣùwọ̀n. Wọ́n ń gé mọ́tò náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń gbé e ka òṣùwọ̀n, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọkùnrin yẹn fẹ́ fo kílò mọ́kànlá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, rárá o, ẹ jẹ́ ká tún un rò." A tún un rò, kílò mọ́kànlá náà jáde síta. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn! Mo wá sọ ọ́ fún yín nínú kíláàsì níbí. Mo ní ẹ wo àǹfààní ìṣirò. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo rí kílò mọ́kànlá. N kò rí mọ́tò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí oníkálukú mú ìwé kan wá láti ilé, ìwé yòówù tó bá ti ní lẹ́tà lára, kí a fi kọ́ bí a ti ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹnì kan mú páálí ọṣẹ wá. Ẹnì kan mú ìwé oògùn òwú wá. Ìyá Àgbà gbé agolo mílíìkì kan wá, ó fa ìwé kan yọ tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin, tó ti fẹ́ ya níbi ojú kíká. Ó gbé ìka lé e, ó ń pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. A. B. I. Ó dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe Àbíjàn nìyí?" Àbíjàn ni. Mo wo òkè ìwé náà, mo rí Citroën. Mo wo abẹ́ rẹ̀, mo rí Baby-Brousse. Ìwé mọ́tò àpótí ni. Ó ti wà nínú agolo yẹn láti ọdún 1974, tí ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà tó ń ta aṣọ ní Àbíjàn ti wa mọ́tò náà gba Gánà àti Tógò wá sílé. Ìyá Àgbà wá sọ fún wa pé inú mọ́tò yẹn ni wọ́n gbé òun sí lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lóru, nígbà tí òun fẹ́ bí àkọ́bí òun. Wọ́n kọjá nínú ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù rì sí. Ó sọ ọ́, ó sì dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè, tí mo ń kà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí á tó dé Àbíjàn, a ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Faransé. Kí ogun ńlá kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ọ̀gá kan wà ní ilé iṣẹ́ Citroën, Pierre-Jules Boulanger ni orúkọ rẹ̀. Ó rí i pé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó ẹrù lọ sọ́jà. Ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe mọ́tò kékeré kan fún àgbẹ̀. Kí ó gbé èèyàn méjì àti kílò 50 ànàmọ́. Kí ó máa sá kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan. Kí ó má mu ju lítà epo mẹ́ta lọ fún kìlómítà 100. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Àjàṣẹ́, láti Kétu dé Àjàṣẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà 100. Lítà mẹ́ta lálọ, lítà mẹ́ta lábọ̀. Ẹ lọ ròó pẹ̀lú iye tí ẹ ń ra epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n tún ní, bí a bá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin sínú rẹ̀, tí a wà á gba orí ebè kọjá, ẹyin kan kò gbọdọ̀ fọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti rí ọ̀nà oko rí.

Ogun dé. Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé ní 1940. Àwọn ará Citroën kò fẹ́ kí wọ́n rí mọ́tò tuntun náà. Nǹkan bí 250 ni wọ́n ti ṣe láti fi dán an wò. Wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn, wọ́n sì fi ìwọ̀nba pamọ́. Ọdún 1948 ni wọ́n tó gbé mọ́tò náà jáde fún aráyé ní Paris. Orúkọ rẹ̀ ni 2CV. Àwọn Faransé ń pè é ní Deux Chevaux, ìyẹn ẹṣin méjì. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é títí di 1990, iye rẹ̀ sì lé ní 3,800,000.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò lo omi rárá. Atẹ́gùn ló ń tù ú. Fáànù kan wà níwájú tó ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lójú ọ̀nà nínú oòrùn, tí awakọ̀ ń wá omi kiri láti bù sí ẹ̀ńjìnnì tó ń rú èéfín, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Bí bátìrì bá kú, irin kan wà tí a ó kì bọ iwájú mọ́tò, a ó fi ọwọ́ yí i, yóò sì dìde. Irin kan náà la fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Àwọn ìjókòó rẹ̀ ṣeé yọ. Ẹ lè gbé wọn sílẹ̀ lábẹ́ igi kí ẹ jókòó jẹun, kí ẹ sì fi ẹrù kún inú mọ́tò. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti irin tó ń nu òjò lójú gíláàsì. Nínú àwọn àkọ́kọ́, yíyí táyà ló ń yí i. Bí mọ́tò bá ń sáré, á máa nu kíákíá. Bí mọ́tò bá rọra ń lọ, òun náà á máa sùn lọ. Òjò ńlá dé, ẹ dẹwọ́ eré, ẹ kò ríran mọ́! Kò sí ohun tó pé tán.

Ti ẹyin ńkọ́? Lábẹ́ mọ́tò náà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀pá irin gbọrọ kan wà tó dùbúlẹ̀, sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn ní apá kan náà ni wọ́n so mọ́ ọ̀pá kan ṣoṣo. Bí táyà iwájú bá gun ebè, ọ̀pá yẹn á ti mú ti ẹ̀yìn gbára dì kí ó tó dé orí ebè. Mọ́tò náà á máa mì lẹ̀jẹ̀lẹ̀jẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n kò ní fò sókè kí ó já lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi kọjá nínú ẹrẹ̀ lóru ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ.

Ó ku ohun kan, òun ló sì bí mọ́tò àpótí. Isàlẹ̀ 2CV tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkéte. Ẹ̀ńjìnnì, táyà, bíréèkì, gbogbo rẹ̀ wà lórí àkéte yẹn. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ilé mọ́tò mọ́ ọn. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì náà lè gbé ilé náà kúrò, kí ó sì kọ́ ilé mìíràn lé e.

Àwọn èèyàn ní Àbíjàn rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n mú àkéte 2CV, wọ́n sì kọ́ ilé páànù lé e. Láti ṣe ilé mọ́tò ní Faransé, ẹ̀rọ ńláńlá kan ni wọ́n fi ń tẹ páànù kí ó lè ṣe roboto, ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ ju agbára lọ. Ní Àbíjàn, wọn kò lo irú rẹ̀. Wọ́n gé páànù, wọ́n ká a, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibi kan tó ṣe roboto lára rẹ̀. Àwa rò pé aláìmọ̀ọ́ṣe ló ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí alágbẹ̀dẹ tó wà nítòsí lè tún un ṣe bí ó bá fi ara gbá igi. Wọ́n sọ ọ́ ní Baby-Brousse. Brousse ni igbó lédè Faransé, bí a ti ń sọ pé "taxi-brousse". Mọ́tò kékeré inú igbó nìyẹn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Citroën rí i pé ó ń tà, àwọn náà gbà á mọ́ra.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọgbọ́n yẹn rìn dé. Ní Vietnam, ní ìlú Saigon, wọ́n ṣe irú rẹ̀ láti 1970, wọ́n pè é ní La Dalat. Nígbà tí ogun ibẹ̀ parí ní 1975, iṣẹ́ náà parí. Ní Chile, ní ìlú Arica, wọ́n ṣe tiwọn nígbà ìjọba Salvador Allende, wọ́n fi orúkọ ẹ̀yà kan tó wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wọn pè é, Yagán. Àwọn ológun gbàjọba ní 1973, mọ́tò náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bí 1,500 péré ni wọ́n ṣe. Ní Gíríìsì, Pony ni wọ́n pe tiwọn. Iran náà ṣe é. Ṣé ẹ rí i? Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò mọ ara wọn, ọmọ ìyá kan náà ni mọ́tò wọn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú wọn sì ti Áfíríkà wá. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo pa ìwé dé. N kò lè sùn. Mo rántí òṣùwọ̀n yẹn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Citroën tún ṣe òmíràn fún ilẹ̀ wa yìí gan-an. FAF ni wọ́n pè é. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí pé ó rọrùn láti ṣe, ó rọrùn láti náwó sí. Wọ́n ṣe é ní Gíní-Bìsáù, ní Sẹ̀nẹ̀gáàlì, àti ní orílẹ̀-èdè Ààrin Gbùngbùn Áfíríkà. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò tó 2,000.

Ìyá elégàrí ti nawọ́ sókè láti ìṣẹ́jú kan. Mo mọ ìbéèrè yín, ìyá. Ẹ fẹ́ béèrè pé, bí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò rí i mọ́?

Òótọ́ ni. Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Àpò gàrí mélòó ni ẹ ń kó lọ sọ́jà? Peugeot 404 tó ní aṣọ lẹ́yìn ń gbé tọ́ọ̀nù kan, bí awakọ̀ bá sì lójú kòkòrò, ó ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ńjìnnì mọ́tò àpótí kéré, kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Ó dára fún nọ́ọ̀sì, fún tíṣà, fún ẹni tó ń yẹ oko òwú wò. Kò dára fún oníṣòwò. Ìkejì ni pé páànù nìkan ni wọ́n ń ká ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀ńjìnnì, jíà, bíréèkì, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Nígbà tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ owó rẹ̀ àti ti mọ́tò gidi kò tó nǹkan mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ó ti kú. Ìkẹta, gbèsè mú Citroën fúnra rẹ̀ ní 1974, Peugeot ló sì gbà á. Àwọn ará Japan náà ti ń kó ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké dé. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò àlòkù láti Yúróòpù wá ń wọlé ní èbúté Kútọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ni yóò tún ra páànù kíká? Ní ti ìpẹtà, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìpẹtà fẹ́ràn mọ́tò yẹn bí eku ti fẹ́ràn ẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yà mí lẹ́nu. Mọ́tò tí gbogbo ayé kọ̀ sílẹ̀ yìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń wá a kiri. Wọ́n wà ní Yúróòpù, wọ́n wà ní ibòmíràn. Wọ́n ní ẹgbẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn 2CV ní ìpàdé ńlá kan tó kó gbogbo ayé jọ, Finland ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1975. Kì í ṣe mọ́tò olówó ńlá ni wọ́n ń wá. Èyí tí wọn kò ṣe púpọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìtàn rẹ̀, òun ni inú wọn ń dùn sí jù. Wọn a ka nọ́ńbà ara rẹ̀, wọn a wo nọ́ọ̀tì rẹ̀, wọn a béèrè ẹni tó wà á àti ibi tó wà á dé.

Ẹ rántí àwọn mọ́tò tí wọ́n fi pamọ́ nítorí ogun? Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n rí mẹ́ta nínú wọn ní òkè àjà abà kan ní La Ferté-Vidame, níbi tí wọ́n ti ń dán mọ́tò wò tẹ́lẹ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti wà lókè níbẹ̀. Wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò kùn wọ́n, wọn kò tún wọn ṣe. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà wọn, kí àwọn èèyàn lè rí wọn bí wọ́n ti rí.

Òmíràn tún wà, 2CV Sahara. Nítorí yanrìn aṣálẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀ńjìnnì méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn! Agbépo méjì. Jíà kan ṣoṣo lọ́wọ́ awakọ̀ ló ń darí méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kú nínú aṣálẹ̀, èkejì á gbé yín délé. Wọ́n ṣe é títí di 1966 tàbí bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò tó 700. Lónìí, ẹni tó bá ní ọ̀kan, iye tí wọn yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti mọ́tò tuntun mélòó kan lọ.

N kò sọ pé mọ́tò Bàbá Àgbà yóò pa irú owó bẹ́ẹ̀ o. Ó ti jẹrà. Mo ti sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má bínú sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, owó adìẹ ni mo fi ṣe." Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò tíì dá mi lóhùn. Ó ká ìwé yẹn padà sí mẹ́rin, ó fi í sínú agolo.

Kí n tó dé lálẹ́ yìí, Bàbá pè mí. Wọ́n fà nǹkan kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun nìyí lọ́wọ́ mi. Irin tí a fi ń yí ẹ̀ńjìnnì ni, tí a tún fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Inú ahéré oko ló wà lọ́jọ́ tí òṣùwọ̀n dé, wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ gbé e yíká, kí oníkálukú fọwọ́ kàn án. Ó wúwo díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó já lé ọmọ lẹ́sẹ̀.

Bí ó ti ń lọ yíká, ẹ rò ó wò. Ta ló mọ mọ́tò tí kò lórúkọ, tó wà lẹ́yìn ilé àna rẹ̀, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣábẹ̀, níbikíbi? Ẹ wo táyà rẹ̀ kọ́kọ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ló wà lára táyà 2CV àti àwọn ọmọ rẹ̀. Renault 4 náà ní mẹ́ta, nítorí náà ẹ má tíì yọ̀. Ẹ ṣí ojú ẹ̀ńjìnnì. Bí ẹ̀ńjìnnì náà bá na apá kan sí ọ̀tún, apá kan sí òsì, tí kò sì sí ibi tí a ń bu omi sí, òun ni. Ẹ béèrè bóyá ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí. Ẹ kọ lẹ́tà tí ẹ bá rí síwájú ìwé yín bí ó ti wà, kódà bí ẹ kò bá mọ ohun tó ń sọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ wà á, àti ibi tó gbé èèyàn lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, a ó kà á níbí. Bí oníirin bá ṣáájú mi débẹ̀, ẹ ní kí ó mu omi díẹ̀, kí ó dúró kí n dé.